Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Lórí Ohùn Ìkẹ́

Nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ìkẹ́ la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá ohùn òkè náà lọ, kò bá a nílé. Ohun tó jáde lọ́fun rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga onírin nílẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ omi kó lè bomi sẹ́nu. Ẹ̀rọ náà hó lásán, kò sómi níbẹ̀.

"Ìkẹ́ Akínfẹ́nwá!" Wọ́n ti ń pè é nínú gbọ̀ngàn.

Kí ẹ má bàa rò pé ọmọ yìí kò mọ orin kọ o. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ orin ní yunifásítì, ohùn sòpránò rẹ̀ sì mọ́ débi pé olùkọ́ rẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Ohun tó kù tó ń wá ni tíátà olórin, níbi téèyàn ti ń kọrin, tó ń jó, tó sì ń ṣeré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Dorothy, tó kọ́ iṣẹ́ yẹn nílùú òyìnbó kó tó wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Second Avenue ní Festac, gbọ́ orin rẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 2006, ó ní kó wá ṣe ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré ló ń gbà, ọdún méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti rí mẹ́sàn-án. Nínú àwọn tó ti kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, ọ̀kan ń ṣeré lórí ìtàgé ní Johannesburg, ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ni gbogbo Èkó ń gbọ́ nínú ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò. Ti orí ìtàgé yẹn ni Ìkẹ́ fẹ́. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ń rí i lójú àlá.

Àǹtí Dorothy fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí piyánò. Ìkẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ń họ ọ́ lọ́fun, ó sì fipá gbé e kọjá. Nígbà tó dé ibi tí orin ti gbéra, ohùn já. Ó tún un mú, ó tún já. Àǹtí Dorothy gbé ọwọ́ kúrò lórí piyánò.

"Ìkẹ́, kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Ó há díẹ̀ ni, Àǹtí."

"Díẹ̀ kọ́ lèyí. Ta ló ní kó o máa pariwo nígbà tó o mọ̀ pé o fẹ́ wá kọrin?"

Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n Ìkẹ́. Bàbá mi ni.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbé fáìlì káàkiri, kò sì gbà láéláé pé kí ọmọ òun di eléré. Ó gbà kí Ìkẹ́ kọ́ orin nítorí ó rò pé ìdí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló máa parí sí. Ọjọ́ tí ọmọ dárúkọ tíátà, ó panu mọ́ fún oṣù méjì. Àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nílé náà ní Raji Rasaki Estate látìgbà tí ìyá Ìkẹ́ ti kú. Wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á yà fún ara wọn bí ayálégbé méjì tó ń jà lórí owó iná. Àfi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí bàbá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni ìdánwò tó o wí?"

"Ọjọ́ Sátidé ni, Dádì."

"Ó dáa. A ó gbààwẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta, láti Ọjọ́rú, àìjẹ àìmu. Èmi àti ìwọ."

Ó yẹ kó ní rárá. Ó mọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nípa ohùn ni pé akọrin tó bá ní ìdánwò níwájú gbọ́dọ̀ máa mu omi, kó sì sinmi ariwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, bàbá tó ti kẹ̀yìn síni fún oṣù méjì ló na ọwọ́ yìí, ta ló máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù? Inú Ìkẹ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sunkún. Lọ́jọ́ kìíní, ó fẹ́ fọgbọ́n ṣe é, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá dá a dúró. "Ìkẹ́, ṣé òfófó lo ń bá Ọlọ́run ṣe ni? Gbé ohùn sókè! Ẹni tó ń wá nǹkan kì í panu mọ́." Ó bá gbé ohùn sókè. Wọ́n gbàdúrà láti ìdájí dé ọ̀sán, láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ohùn ti lọ. Ohùn bàbá náà há. Ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé: "Ohùn tó há yìí, ẹ̀rí ni. Ọlọ́run ti gbọ́."

"Èmi ni, Àǹtí," Ìkẹ́ dá a lóhùn nínú gbọ̀ngàn. "Mi ò kíyè sára ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan péré."

Àǹtí Dorothy kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kọ́kọ́ wolẹ̀ ná.

"Ká ní o ò mọ ijó ni, mo lè kọ́ ọ. Ká ní o ò mọ eré ṣe, mo lè kọ́ ọ. Àmọ́ akọrin tíátà lè kọrin lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ kan, àwọn èèyàn á sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣọ́ ọ̀fun ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò lè gbé e ròde." Ó fi kún un pé, "Ilé ìwé ọmọ kéékèèké kan wà ní Àmúwo tó ń wá ẹni tó máa kọ́ wọn lórin. Mo lè bá ọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ìkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kó tó dé ẹnu géètì, ẹlòmíràn ti ń kọrin nínú gbọ̀ngàn, ohùn tó mọ́ gaara. Ó dun Ìkẹ́ wọnú egungun.

Ó gun ọ̀kadà dé Apple Junction, ó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù, nítorí kò fẹ́ tètè délé. Inú ń bí i sí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìbínú kékeré. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí i kedere pé òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ó sì ń kọ́ gbólóhùn náà sórí bí ọmọdé tó fẹ́ lọ ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ: Dádì, àdúrà yẹn ló ba ohùn mi jẹ́.

Bàbá ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrẹsì wà lórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ló sè é, ọkùnrin tí kì í wọ ilé ìdáná.

"Báwo ni?" Ohùn rẹ̀ ṣì há.

"Wọn ò mú mi, Dádì."

Ó rọra jókòó. Ìkẹ́ la ẹnu láti sọ gbólóhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ló ṣáájú.

"Èmi ni mo fà á."

Àbí ó ti yé bàbá ni?

"Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó o lọ sinmi, òòyì ń kọ́ mi. Mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo fi omi lò ó, ife kan odidi. Mo tún wá jáde, mò ń bá ọ pariwo 'Àmín' bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ bojú. "Oṣù méjì ni mo fi bá ọ jà, Ìkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ní kí n ṣe tìẹ, mo ba ààwẹ̀ náà jẹ́."

Àgbàlagbà ń sunkún nítorí ife omi kan! Bí Ìkẹ́ bá ní omi yẹn kọ́ ló fà á, bàbá á béèrè pé kí ló wá fà á. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ló fẹ́ rà á lọ́jọ́ yìí?

"Èmi náà mu omi, Dádì."

Bàbá gbójú sókè. "Ìwọ? Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ kejì, nínú bàlùwẹ̀. Mo mu ún yó."

Ẹ̀kán omi kan kò sì kan ahọ́n rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín kékeré tó há. Ó ní, "Àwa méjèèjì!" Ó nu ojú, ó dìde, ó bu ìrẹsì fún un, ó sì fi ẹran tó tóbi jù sí i.

"Jẹun, jàre. Wọn ò lè máa kọ́ tíátà yìí níbì kan ṣoṣo. Wá ibòmíràn rí, kó o sọ ọjọ́ ìdánwò wọn fún mi. Ọjọ́ méje la máa gbà lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó máa mu omi nínú wa, màá máa ṣọ́ ọ, kí ìwọ náà máa ṣọ́ mi."

"Ẹ ṣé, Dádì."

Ojú bàbá ń dán. Ìkẹ́ kò rántí ìgbà tó ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó yé e pé gbólóhùn tóun kọ́ sórí látojú títì kò ní ọjọ́ tóun á sọ ọ́ mọ́, àti pé bí ìdánwò mìíràn bá wà, àfi kóun yọ́ lọ ṣe é bí olè. Ìrẹsì náà kò burú. Ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, nítorí ọ̀fun ń dùn ún.