Omi Tí Hàkímù Pò

"Rùqáyyà, tí mo bá nu fèrèsé kan báyìí, gbogbo eṣinṣin Níàmé ló máa wá forí sọ ọ́ kú!"

Hàkímù ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, tó ń po omi nínú báàfù. Fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, ọṣẹ lúbúlúbú, ó da gbogbo ẹ̀ pọ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ò lè fọ ṣòkòtò yín," àbúrò ẹ̀ dáhùn nídìí ìkòkò.

"Wọn ò mọlé wa ni o! Ààfin ni wọn ì bá ti wá gbé mi lọ."

Lọ́la ni ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá tọrọ Rùqáyyà. Eruku ọyẹ́ sì ti bo fèrèsé ilé wọn ní àdúgbò Talladjé débi pé, tó o bá dúró níta, o ò ní mọ̀ bóyá èèyàn ló wà nínú ilé àbí ràkúnmí. Hàkímù nu ti pálọ̀, ó ń dán yanran. Ó wá rántí yàrá Màmá. Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n fa kọ́tìnì ibẹ̀, àmọ́ ọjà ni Màmá wà. Tó bá dé, inú ẹ̀ á dùn.

Ó fa kọ́tìnì. Àmì rúsúrúsú kan wà lókè gíláàsì, bí ẹsẹ̀ aláǹgbá tó tẹ ẹrẹ̀.

"Aláǹgbá, ó parí fún ẹ lónìí!"

Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, àmì náà pa rẹ́. Ó fún aṣọ tó fi nù ún sínú báàfù.

Nígbà tí Màmá dé, ó sáré pàdé ẹ̀. "Fófò, ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ wá wo fèrèsé yín, ẹ ó rí ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ látibẹ̀!"

Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá wọn, wọlé. Kò tíì sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀ tó fi dúró gbagidi.

"Hàkímù, ìwọ lo nu ibí?"

"Èmi ni, Màmá. Aláǹgbá ti fi ẹsẹ̀ ba..."

"Bàbá ẹ ló kọ ọ́." Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. "Lọ́jọ́ tó kú, ó ní kí n gbé òun dìde. Tàdáà, yíǹkì kéwú, ló tìka bọ̀, ó kọ ìlà Kùránì kan síbẹ̀. Ó ní kó máa ṣọ́ mi."

Hàkímù, tó ń sá nílé kéwú nítorí bọ́ọ̀lù, kò mọ̀ pé lẹ́tà kéwú lòun pa rẹ́.

"Màmá," Rùqáyyà ní, "omi ẹ̀ ṣì wà nínú báàfù."

Àbẹ̀ẹ́bí kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéwú, tí wọ́n ń mu omi ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló bù ú sátẹ́lẹ́wọ́, ó gbé e sẹ́nu. Ojú ẹ̀ fún pọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò lè tu ú. Ó gbé e mì, ọṣẹ àteérú.

"Màmá, ẹ jẹ́ n lọ dà á nù," Hàkímù ní.

"Síbo?"

Kò mọ̀. Kòtò kọ́ ni wọ́n ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí. Ìdí igi ńkọ́? Ọṣẹ á pa igi. Àbẹ̀ẹ́bí fi àwo bo báàfù náà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò jókòó ní pálọ̀. Ìyá ọkọ ò yé wo fèrèsé.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ta ló nu gíláàsì dán tó báyìí?"

Rùqáyyà wo Hàkímù. Hàkímù ń wo ẹní.

"Ọmọkùnrin mi ni," Àbẹ̀ẹ́bí dáhùn. "Kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lára gíláàsì."