Ìkòkò Iyọ̀ tí Ọwọ́ Kò Wọ̀

Ohun mẹ́ta ló wọ́ nínú ilé ìtajà náà. Àkọ́kọ́, ọwọ́ Shoghik kò wọ ikùn ìkòkò iyọ̀ tó gbé. Ìka méjì péré ló wọlé, àwọn yòókù há sí ẹnu ihò. Èkejì, àwòrán Arpenik, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri lókè àwọn ìkòkò náà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọwọ́ ìyá àgbà ló mọ gbogbo wọn.” Ẹ̀kẹta, ìyá àgbà náà kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ láti ìgbà ìkórè àjàrà, nítorí Mushegh, ọ̀gá ilé ìtajà yìí kan náà, ti ránṣẹ́ sí i ní abúlé pé kò sẹ́ni tó ń ra ìkòkò iyọ̀ mọ́ ní Yerevan, olú ìlú Armenia. Lọ́sàn-án òní ni Vachagan, ọmọkùnrin ìyá àgbà, fẹ́ wó ààrò tí ìyá fi ń sun ìkòkò, kí ó lè rí àyè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí.

Shoghik kò wá jà. Ó ń lọ wọ ọkọ̀ abúlé ni, kí ó lè dúró ti ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń wó ààrò. Láti ojú pópó ni ó ti rí ojú ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, láàárín ìgò oyin àti aṣọ léèsì tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hun, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àjèjì.

Lójú Arpenik, ìkòkò iyọ̀ kì í ṣe ère. Obìnrin olóyún ni, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, ihò ní ikùn. Nínú ikùn yẹn sì ni iyọ̀ gbogbo ilé ń gbé. Kí amọ̀ tó gbẹ, yóò ránṣẹ́ pe Heriknaz, aládùúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù ní abúlé, pé kó wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní títẹ́, kó sì fà á jáde ní dídì. “Bó bá gba tèmi,” Heriknaz a máa wí, “ó gba ti ìyàwókíyàwó. Kọfí mi dà?”

Ẹni tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ Shoghik kò bu iyọ̀ rí láyé rẹ̀.

“Áà, ọmọ-ọmọ Arpenik!” Mushegh ti jáde láti ẹ̀yìn, ife kọfí kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ wo arẹwà! Jókòó, kí n bu kọfí fún ọ.”

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ta ló mọ èyí?”

“Ṣé o ò rí àwòrán ni?”

“Mo rí i. Ọwọ́ kò wọ̀ ọ́.”

Mushegh rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́jú sí oníbàárà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, obìnrin onírun funfun kan tó wá láti Beirut, tó ti di ìkòkò méjì mú fún àwọn ọmọ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ, màdáámù? Wọ́n ní ọmọ yìí kàwé yanjú. Àṣé ihò ìkòkò ni wọ́n kọ́ wọn ní yunifásítì!” Ó yíjú padà. “Ta ló fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ mi? Orí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé e sí. Inú ike ni iyọ̀ wà báyìí.”

“Ẹ ní wọn ò rà á mọ́.”

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Arpenik ti darúgbó. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó yá, kì í fọ́. Àánú ìyá yín ló ṣe mí. Mo ní kí ó sinmi.”

“Bí ẹ bá ní kí ó sinmi, kí ló dé tí ojú rẹ̀ ṣì ń bá yín ṣiṣẹ́?”

Mushegh gbé ife kọfí rẹ̀ sẹ́nu. Shoghik rántí pé ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn a tilẹ̀ mọ̀ pé orí òun ni wọ́n ń lò. Ó fa fóònù yọ, ó pe ìyá àgbà.

“Ọkàn mi, ṣé o ti jẹun?”

“Màmá, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń gbá inú ààrò. Vachagan ti mú òòlù dé, mo ní kó ní sùúrù. Ohun tó bọ́ mi láti ìgbà ọmọge, n ò lè jẹ́ kó lọ pẹ̀lú eérú lára.”

“Màmá, ẹ ò tilẹ̀ bi Mushegh léèrè rí?”

“Bi í léèrè kí ni?” Ẹnu ya arúgbó náà ní tòótọ́. “Ó ti jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀ wa.”

Ìgbà náà ni ó yé Shoghik. Kì í ṣe pé ìyá àgbà gọ̀. Ó bu iyọ̀ fún àlejò, ó sì ti ilẹ̀kùn ìfura ní ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Mushegh náà mọ̀ pé kò sí kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣí i mọ́.

Obìnrin Beirut ti ń gbìyànjú láti ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kan nínú ìkòkò rẹ̀. Ó gbé méjèèjì padà sórí pẹpẹ, ó sì kọjú sí Mushegh.

Shoghik na fóònù náà sí ọkùnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n Mushegh, inú ikùn ìkòkò Màmá ni wọ́n ti bu iyọ̀ tí ẹ jẹ. Ẹ gbà á. Ẹ sọ fún un pé kí Vachagan gbé òòlù sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ìdí rẹ̀ fún un.”