Ta Ló Ní Kí N Má Dá Ọmọ Mi Lóhùn?

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ṣọ́ọ̀bù abọ́ mi ní Adjamé wà ní títì, ara sì tù mí. Nàfísà ọmọ mi ló ní kí n wá gbọ́ ewì òun ní Niangon, nínú àgbàlá kan tí wọ́n ti ń kọ jáàsì nírọ̀lẹ́. Abidjan la bí ọmọ yìí sí. Mo bá a sọ Yorùbá títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, "Oui, maman" lédè Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ń gbọ́ ọ o, kì í kàn sọ ọ́ ni.

N kò ní parọ́, jáàsì náà dùn. Mo ti rò pé ariwo lásán ni, àfi ìgbà tí ọkùnrin kan gbé fèrè sasofóònù sẹ́nu tó rọra ń fọn ọ́n, tí orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀. Tó bá ti débi tó dùn, àwọn èèyàn á ké: "Ouais! Vas-y!", pé kó máa bá a lọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ láàárín orin, ẹnikẹ́ni kò bá wọn wí. Mo ní ibí yìí dára, wọn kò jókòó bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ó wá kan Nàfísà. Fèrè ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́ bó ṣe ń fi Faransé sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó máa ń kírun àsùbáà tán, tí á sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti mọ̀ pé èmi ló ń sọ. Lójijì ló gbójú sókè tó ké: "Màámi o!"

Màámi! Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ìyá wo lọmọ rẹ̀ á pè tí yóò dákẹ́? Mo ní: "Oo, ọmọ mi! Mo wà ńbí!"

Ni Axel, ọmọkùnrin tó ni ètò náà, bá sáré wá, ó fi ìka sẹ́nu. "Chut, tantie! C'est de la poésie!" Ó ní ewì ni, kí n dákẹ́ tàbí kí n jáde.

Inú bí mi. Àwọn tó ń pariwo sí fèrè kò ṣẹ̀, èmi tọ́mọ mi pè ni mo ṣẹ̀! Wọ́n ń dá irin lóhùn, wọ́n ní kí n má dá ẹni tí mo lóyún rẹ̀ lóhùn. Mo ní, "Ṣé fèrè ló bí yín ni?" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí Faransé mi kò tó ìbínú yẹn. Kò gbọ́. Mo gbé báàgì mi, mo dìde, kí n má baà dójú ti ọmọ mi.

"Màámi o!" Nàfísà tún ké.

Mo pa ẹnu mọ́. Axel ń wò mí. Ọmọ mi dá ewì náà dúró lórí pèpéle, onífèrè náà sì dúró.

"Axel, laisse ma mère," ló wí, pé kó fi ìyá òun sílẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ń fa ọ̀rọ̀ Yorùbá yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kó òkúta jáde lẹ́nu: "Ẹ dá mi lóhùn, màámi. Mo fi àyè sílẹ̀ fún yín nínú ewì."

Mo ju báàgì sílẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀fun jẹ́ ẹ: "Ooo!"

Kí Axel wá lé mi jáde báyìí.