Wáyà Tí Sìmbíátù Fi Òwú Dúdú Wé

Kò sí etí tó dà bí etí Ọláníyan ní gbogbo Ẹdẹ, láti bèbè odò Ọ̀ṣun títí dé ọ̀nà Awo. Bí eèrà méjì bá ń jà lábẹ́ ibùsùn, ó lè sọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Lọ́jọ́ tí àkùkọ kan ṣèèṣì kọ nínú rédíò láti Ìbàdàn, Ọláníyan mi orí, ó ní, "Àkùkọ yẹn ò tíì jẹun láti àná." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ṣòkòtò fi já mọ́ ẹni mẹ́ta nídìí. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló sọ.

Rédíò ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n wáyà ni àìsàn rẹ̀. Wáyà tó ń gbé ohùn láti inú rédíò lọ sínú sípíkà, ìyẹn àpótí onígi tí ohùn ń gbà jáde, kò jẹ́ ra ti ọjà láéláé. Ó ní ti ọjà ń sín, ó ń wúkọ́, ó sì máa ń jẹ ìdí ọ̀rọ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀. Á tú bàbà tín-ín-rín kúrò nínú dìnámò ọkọ̀ tó ti kú, á nà án lórí itan títí kò fi ní kókó kankan mọ́, á wá lọ́ ọ ní mẹ́ta-mẹ́ta bí ẹni ń di irun ọmọge. Lẹ́yìn náà ni yóò pe ìyàwó rẹ̀.

Sìmbíátù ni ìyàwó náà. Aṣọ ló ń tà, ṣùgbọ́n bó bá di ká fi òwú dúdú kó irun, ọ̀gá ni. Á fi òwú wé irun láti ìdí dé ṣóńṣó, kò sì ní í fi àyè tí iná orí lè gbà mí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wé wáyà fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n á kọjú síra wọn lórí ẹní, Ọláníyan á di orí kan mú, á máa fà á, á máa dẹ̀ ẹ́, Sìmbíátù á máa wé bọ̀ láti orí kejì, títí ọwọ́ wọn á fi pàdé. Wọ́n á fi ìda oyin gbígbóná pa á lára, wọ́n á sì fi kọ́ àjà fọ́jọ́ mẹ́ta.

Ẹ wá gbọ́ ohùn tó ń gba inú wáyà yẹn! Bí oníròyìn bá gbé itọ́ mì ní Ìbàdàn, ọ̀fun tìrẹ ló máa tutù ní Ẹdẹ. Bí wọ́n bá kọrin, adìẹ tó ń yé ẹyin á dá a dúró láàbọ̀, á fẹ́ gbọ́ ibi tí orin náà máa já sí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí Ọláníyan nínú: ẹrù aṣọ ìyàwó rẹ̀. Àdìrẹ, kíjìpá, àǹkàrá, ìdì lórí ìdì, ó kún pálọ̀ títí ó fi kan àjà. Ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń wọlé bí alákàn. Oníbàárà kan tó wá gba rédíò rẹ̀ ṣìnà sáàárín ẹrù náà, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i, ó sì ti hu irùngbọ̀n.

Ní àkókò òjò ọdún 1960, nígbà tí gbogbo ayé ń retí òmìnira, orin kan ń lọ nínú rédíò, Ọláníyan ò sì gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa. Ló bá fò dìde.

"Ẹrù ẹ ló ń gbé ohùn mì! Ẹrù ẹ ló ń dí mi létí! Kó o kúrò níbí!"

Sìmbíátù ń so ìdì aṣọ kan lọ́wọ́. "Ibo ni kí n kó o sí, Bàbá Fàtímọ̀?" Fàtímọ̀ ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ó ti wà nílé ọkọ ní Ìwó.

"Ibi tó bá wù ẹ́. Kí n ṣáà ti má rí i mọ́."

Obìnrin náà so ìdì náà tán. Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹrù mi bá lọ, èmi náà á bá a lọ."

Ọláníyan rò pé ẹnu lásán ni. Ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ara, ìlú ìyá Sìmbíátù. Sìmbíátù fúnra rẹ̀ jókòó sí ṣóńṣó orí ẹrù náà. Kò sunkún. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọláníyan gbá pálọ̀, ó gbé sípíkà sí àárín bí ẹni ń gbé ọba jókòó, ó tan rédíò, ó di ojú, ó ń retí ọ̀run. Àfi bí ẹni pé oníròyìn ki orí bọ inú ìkòkò. Ohùn náà ń ta kan-kan. Ọ̀rọ̀ kan ò tíì jáde tán tí ìrù rẹ̀ fi ń padà wá.

"Wáyà ni," ló wí. "Wáyà ti bàjẹ́."

Ló bá ṣe òmíràn. Kò sẹ́ni tó máa bá a di orí kejì mú, ló bá so ó mọ́ ìṣó lára ilẹ̀kùn. Ìṣó ò mọ ìgbà tó yẹ kóun fà, kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dẹ̀. Ó tan rédíò, ìkòkò ṣì ni. Ó ṣe ìkẹta, ó ṣe ìkẹrin. Ẹ̀bà ló ń jẹ ní àárọ̀, ẹ̀bà ló ń jẹ lálẹ́, orí ìdúró ló sì ti ń jẹ ẹ́, nítorí pé bó bá jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ á máa wá ẹni tó yẹ kó wà lódìkejì.

Samuel télọ̀, aládùúgbò rẹ̀, máa ń yọjú lójú fèrèsé.

"Bọ̀dá Níyan, wáyà kelòó nìyí?"

"Ìkẹfà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bó bá pé ogún, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ fi fa Mẹ́kà súnmọ́ tòsí."

"Lọ gán aṣọ ẹ, Samuel."

Nígbà tí ìkeje náà tún kọ̀, Ọláníyan wò ó títí, ó ní ọwọ́ Sìmbíátù nìkan ló kù. Ó ká wáyà tí wọn ò tíì wé sínú àpò pẹ̀lú òwú dúdú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọrí sí Ara. Ẹrẹ̀ ọ̀nà yẹn lè gbé màlúù mì tìwo-tìwo. Ó ń wa kẹ̀kẹ́, ó ń ro ohun tó máa sọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó kúrò ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń jábọ́ lójú ọ̀nà.

Kúlúsúmù arúgbó, ìyá Sìmbíátù, ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ọláníyan dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Káàárọ̀, àna mi. Ṣé etí ń bẹ lálàáfíà? Ṣé kò sí ohun tó dí i mọ́?"

Ọláníyan dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. Sìmbíátù jáde, ó kúnlẹ̀ kí i. Ojú rẹ̀ lọ sára àpò.

"Kí lẹ bá wá, Bàbá Fàtímọ̀?"

"Wáyà ni," ni Ọláníyan wí. "Tilé ti bàjẹ́. Ọwọ́ ẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n wé."

"Wáyà lẹ bá wá."

"Wáyà ni."

Ìyá arúgbó náà dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Sìmbíátù tẹ́ ẹní, ó mú orí kan, ọkọ rẹ̀ mú orí kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wé e bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọláníyan ń fà, ó ń dẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ìka kan kí ọwọ́ wọn pàdé, Sìmbíátù ta kókó, ó fi eyín gé òwú.

"Ó ti tán. Ẹ bá mi kí ilé."

Ọláníyan dúpẹ́, ó sì wa kẹ̀kẹ́ padà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀. Ó fi ìda pa wáyà náà, ó fi kọ́ àjà fọ́jọ́ mẹ́ta, ó so ó mọ́ rédíò àti sípíkà, ó tan án.

Ìkòkò.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Samuel bá a. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti lọ, ojú fèrèsé ni Samuel ń mọ. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé abọ́ ìrẹsì wọlé.

"Bọ̀dá!" ló ké. Ó ta kìjí. Ó tún ké, "Bọ̀dá!" Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, àtẹ́wọ́ náà sì lu ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó kú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ohùn mi! Èmi náà ki orí bọ ìkòkò! Bẹ́ẹ̀ èmi ò gba inú wáyà kankan wá o!"

Ọláníyan gbé ojú sókè. "Kí lo wí?"

"Ilé yín ló ṣófo, Bọ̀dá. Bí àwọn oníbàárà bá wá kó aṣọ wọn tán nílé iṣẹ́ mi nígbà ọdún, bó ṣe máa ń dún nìyí. Aṣọ ló ń gba ohùn mọ́ra kó má baà máa fò káàkiri. Kò sí ohun tó ṣe wáyà—"

Ó wo ojú Ọláníyan, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sún abọ́ ìrẹsì síwájú díẹ̀, ó rọra jáde.

Ọláníyan pa rédíò.

"Àṣàkẹ́," ló pè. Oríkì ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

"...kẹ́," ni ilé wí.

Ó tún pè é, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ilé tún dá a padà. Ó ń pè é, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, títí ó fi kù bí èémí lásán, tí ilé ò rí nǹkan kan dá padà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Samuel rí i tó ń yọ kẹ̀kẹ́.

"Ẹ ò mú wáyà dání?"

"N ò mú un."

Ẹrẹ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Ní Ara, ìyá arúgbó ṣì ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, àfi bí ẹni pé ti ìjelòó náà ni ò tíì tán. Ọláníyan dọ̀bálẹ̀.

"Wáyà kelòó nìyí?" ni màmá bi í.

"Kò sí wáyà, Ìyá."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ibi tí àpò máa ń wà. Ó kọ ojú sínú ilé. "Sìmbíátù! Ọkọ ẹ dé o. Kò mú nǹkan kan wá."

Òjò ti ń ṣú. Ọláníyan jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, nítorí wọ́n ti kún ibẹ̀ náà dé àjà. Ibẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun gbogbo dún bó ṣe yẹ kó dún.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Sìmbíátù nínú ilé. Ẹsẹ̀ náà dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Ọláníyan mú èémí rẹ̀ dání, ó na etí. Etí tó ń dájọ́ ìjà eèrà, kò lè sọ bóyá ẹsẹ̀ yẹn ń bọ̀ tàbí ó ń padà.