Ṣaworo Létí Aṣọ Baba Ìjọ

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé wọ ṣọ́ọ̀bù Louisa ní Bẹẹrẹ pé òun fẹ́ rán aṣọ, ńṣe ni obìnrin náà dìde, ó nu àga fún un, ó sì kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tó bá mọ inú Louisa ì bá ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Píríńsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọlábọ̀wálé. Ó ti ṣe wọ́dà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Mápó títí àga wọ́dà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogún bàbá rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ fi í jẹ Baba Ìjọ. Òun náà ni yóò wàásù lọ́jọ́ ìwúyè, orí Jésù Olórí Àlùfáà ni ìwàásù náà yóò sì dá lé. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wàásù nípa Olórí Àlùfáà yóò ṣí Bíbélì. Ọlábọ̀wálé ṣí fóònù, ó wá àwòrán Árónì.

"Ìyá Ìkẹ́, ẹ wo èyí." Ó na fóònù sí i. "Aṣọ aláró. Ṣaworo wúrà yí etí rẹ̀ ká, pómégíránétì wà láàárín àwọn ṣaworo. Ẹ sì wo ìgbàyà yìí, òkúta olówó iyebíye ló kún un. Mo fẹ́ kí ìjọ fi ojú rí ohun tí mò ń sọ."

"Fíkà ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n ti gbọ́ sí i?"

"Fíkà?" Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ológbò ilé rẹ̀. "Ọmọ mi ni fíkà. Èmi ni mo kọ́ ọ níwèé."

Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe Louisa ni òun náà ń pè é: Ìyá Ìkẹ́. Orúkọ náà ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Louisa wo ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ń wá ìtìjú díẹ̀ níbẹ̀, kò rí i. Ọkùnrin náà kò díbọ́n. Ó ti gbàgbé ni.

Èyí ló dun obìnrin náà ju ọ̀rọ̀ gan-an lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Nígbà tí Ìkẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Louisa bí, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, oyún ti wà níkùn rẹ̀. Òfin ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò fara sin: ìyàwó tó bá ti lóyún kì í bojú, kì í sì í dé iwájú pẹpẹ. Louisa mọ̀ ọ́n, àmọ́ abiyamọ ni. Ó rò pé bí òun bá fi léèsì tó nípọn rán gáùn náà, tí òun jẹ́ kí ìbòjú wọ́ dé ìbàdí, ojú ayé ò ní rí i. Lóòótọ́, ojú ayé kò rí i. Ojú Ọlábọ̀wálé ló rí i. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú àna àti àlejò, wọ́dà na ọwọ́, ó ṣí ìbòjú kúrò lórí ọmọ náà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó ká a, ó fi há abíyá. "Ti wúńdíá lèyí," ló wí. Ìdí àga ẹ̀yìn nínú ilé ìjọsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ni wọ́n ti so Ìkẹ́olúwa àti Olúwajùwọ́nlọ ọkọ rẹ̀ pọ̀. Kò pẹ́ tí tọkọtaya fi kó lọ sí Òṣogbo. Láti ìgbà náà, bí Ìkẹ́olúwa bá wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí títí wọ́n á fi jáde ìsìn.

Louisa ò fi ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Àwọn èèyàn ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára. Ìgbàgbọ́ kọ́ o. Ó ń dúró de ẹnì kan ni.

"Ẹ ó rí aṣọ yín gbà, sà," ló sọ fún Ọlábọ̀wálé. Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn àyà rẹ̀. Nígbà tó fa téèpù yí ọrùn ká, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀, kó tó tú u.

Mutmainnah ló ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Louisa. Ọmọ agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí Louisa ní kó bá òun wá ṣaworo kéékèèké, ó fi ọwọ́ lérán.

"Ṣaworo kẹ̀? Ṣé ẹni tó fẹ́ wọṣọ yìí máa wàásù ni, àbí wọ́n máa gùn ún yí Ọjà'ba ká bí ẹṣin ọdún?"

"Olórí àlùfáà àtijọ́ ló ń wọ̀ ọ́. Bó bá wọ ibi mímọ́ lọ láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn èèyàn, àwọn tó wà lóde á máa gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n á mọ̀ pé kò tíì kú."

"Bí wọn ò bá gbọ́ ọ mọ́ ńkọ́?"

Louisa rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìkẹ́, ẹ̀rín yìí ò dáa o! Kí lẹ fẹ́ ṣe fún bàbá olóyè?"

Louisa bá sọ fún un. Kí máṣíìnì tó gba aṣọ, télọ̀ a kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán an fàà-fàà kí ó lè dúró lójú kan. Tákìn ni wọ́n ń pè é. Bí máṣíìnì bá ti kọjá lórí rẹ̀, télọ̀ a fa òwú ọwọ́ náà tu wùràì, bí ẹni fa irun nínú ẹ̀kọ. Louisa fẹ́ fi máṣíìnì rán etí aṣọ, kó fi rán ìgbàyà, kó sì to bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère láti Gbági sí i bí òkúta. Àmọ́ èjìká méjèèjì àti ẹ̀gbẹ́, tákìn lásán ni yóò fi sílẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè rìn, ó lè jókòó, ó lè tẹríba. Kó má ṣáà gbé apá sókè.

"Ta ni Baba Ìjọ tuntun tí kì í gbé apá sókè súre fún ìjọ?" Louisa ní. "Mo sì ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé ooru á mú wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ti tó nísàlẹ̀."

Mutmainnah fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé Alihamudulilahi ni kí n wí ni, àbí Asitagifirulahi?"

Kò dúró de èsì. Ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó tú àpótí kan, ó mú òwú kan tí oòrùn ti pa jáde. "Ẹ gbà. Èyí ti jẹrà dáadáa."

Lálẹ́ ọjọ́ tí aṣọ parí, Louisa pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Ìkẹ́, wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Màámi, ẹ mọ̀ pé n kì í wọ ibẹ̀ yẹn."

"Àga ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí. Ọlọ́run fẹ́ dá ẹjọ́ kan, n ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ròyìn ẹ̀ fún ẹ."

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà. Ọlábọ̀wálé wọlé, ìró ṣaworo gba inú ilé, àwọn ọmọdé na ọrùn. Ojú fíkà pọ́n, àmọ́ kò lè sọ nǹkan kan fún olùkọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní bí Árónì gan-an ló rí, bí ẹni pé Árónì ti sùn sílé wọn rí.

Ó sì wàásù. Ká má purọ́, ìwàásù náà dùn. Ó ní àwọn àlùfáà àtijọ́ ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹran wọlé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n Jésù fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ó ní aṣọ ìkélé ti ya, kò sí ẹni tí wọ́n lè tì sẹ́yìn mọ́. Ó ní Olórí Àlùfáà wa mọ ìtìjú, nítorí wọ́n bọ́ aṣọ lára òun náà níta gbangba. Kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tó máa wò bí àjèjì.

Louisa ń gbọ́ ọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nínú irú ẹnu yìí! Bó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa, ì bá sàn díẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn. Ìkẹ́olúwa jókòó síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgbálẹ̀.

"Ẹ dìde, kí n súre fún yín," ni Ọlábọ̀wálé wí, ló bá gbé apá méjèèjì sókè.

Èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Tòsì tẹ̀ lé e. Aṣọ aláró já wálẹ̀ gbìì, ó kó jọ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ṣaworo ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dákẹ́. Baba Ìjọ dúró níwájú pẹpẹ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó lu lábíyá àti ṣòkòtò péńpé. Apá rẹ̀ ṣì wà lókè. Àwọn akọrin fi ìwé orin bojú, ìwé orin ń gbọ̀n.

Ẹnikẹ́ni ò lè lọ bò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin nígbà tó fi jẹ́ wọ́dà pé ẹni tí kò bá wọ aṣọ ìsìn kò gbọdọ̀ kọjá irin pẹpẹ. Fíkà tó wọ aṣọ ìsìn gan-an dúró bí ère. Ọkùnrin náà ń wo ìjọ, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣí ìbòjú lórí rẹ̀. Louisa rí i. Ó dùn mọ́ ọn dé ọ̀rá inú eegun.

Nígbà náà ló gbọ́ ìró bàtà láti ẹ̀yìn. Ìkẹ́olúwa ni. Ó ń tú ìborùn rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó dé irin pẹpẹ, kò dúró, ó kọjá. Ó fi ìborùn náà bo ọkùnrin náà láti èjìká dé orúnkún, ó sì so ó fún un ní iwájú, bí ẹni ń so aṣọ fún ọmọ tó wẹ̀ tán.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ọlábọ̀wálé sọ. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀.

Louisa ò dúró gba ìbùkún.

"Tákìn ni, Màámi," ni Ìkẹ́olúwa wí nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. "Mo rí òwú nílẹ̀."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé ó bò ẹ́ lọ́jọ́ tìẹ?"

"Ṣíṣí ló ṣí mi. Ìyẹn ni mo ṣe mọ bó ṣe máa ń rí lára."

"Èmi ń gbẹ̀san fún ẹ, ìwọ ń bo ọ̀tá!"

"Mo ti ní Àlùfáà tèmi ní Òṣogbo, kí bàbá yẹn tó wàásù ẹ̀. Kò sí wọ́dà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màámi."

Louisa gbé oúnjẹ fún un, wọ́n jẹun, ọmọ wọkọ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlábọ̀wálé gbé aṣọ náà wá nínú ọ̀rá. Louisa ti múra ìjà. Kò sí ìjà. Ojú ọkùnrin náà ń dán.

"Ìyá Ìkẹ́, iṣẹ́ yín ò lábùkù. Òróró ló pọ̀! Bí mo ṣe gbé apá sókè, mo mọ̀ ọ́n lára, agbára tó bà lé mi ju ohun tí aṣọ lè gbà lọ. Mo ti jẹ́rìí ẹ̀ fún wọn ní ìpàdé àdúrà lálẹ́ àná. Ẹ bá mi rán an padà, kó yi."

Louisa jókòó pẹ̀sẹ̀.

"Áńgẹ́lì tó wá bò mí yẹn ńkọ́? Mo béèrè kiri, wọ́n ní ó ti lọ. N ò rí ọmọ náà rí."

"Ẹ ò rí i rí, sà?"

"N ò rí i rí, Ìyá Ìkẹ́."

Nígbà tó lọ tán, Louisa mú sísọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ gé aṣọ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbàyà ló kọ́kọ́ kàn lọ́wọ́. Ó wo àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n ń dán lórí rẹ̀. Ọlábọ̀wálé wo òkúta inú àwòrán, ó fo orúkọ àwọn ẹ̀yà méjìlá tí wọ́n fín sára wọn. Torí orúkọ ni wọ́n ṣe ṣe òkúta: kí àlùfáà lè máa gbé àwọn èèyàn rẹ̀ sórí ọkàn wọ iwájú Ọlọ́run. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Mutmainnah, bá mi wá okùn tí wọ́n fi ń rán àpò gàrí."

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ni?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ó fi máṣíìnì rán èjìká àti ẹ̀gbẹ́ ní àránle, ìrán tí ẹṣin méjì ò lè fà ya. Lẹ́yìn náà, ó dojú ìgbàyà délẹ̀. Ní inú, ní apá òsì, níbi tí yóò máa gbá ọkàn ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó fi okùn náà kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà: ÌKẸ́OLÚWA. Ó fi ọwọ́ ra á wò. Ó yún un lọ́wọ́ bí ewé èèsún.

Ọjọ́ ìkórè ni Baba Ìjọ tún gbé e wọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì náà ló sì wà nísàlẹ̀. Ó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní, ó họ àyà. Ó ń kéde ìpàdé, ó họ ọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ẹ̀bẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìgbàyà, ó ń họ ọ́ bí ẹni tí èèrà wà lára rẹ̀. Bó bá yí ìgbàyà náà padà wò, yóò rí orúkọ náà. Irú wọn kì í sì í tú inú wò.

Ní àga rẹ̀, Louisa di ojú. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ò tíì kúrò létí rẹ̀. Ó dé ìdajì, kò lè lọ síwájú. Níwájú pẹpẹ, ọkùnrin náà tún họ àyà, ṣaworo sì dún.

Kò tíì kú, ni Louisa wí nínú ara rẹ̀. A ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀.