Ẹ̀yìn Tó Ń Gbé Alága

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn dìde."

Obìnrin tí dókítà ń bá wí kò fi Alága sílẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ọkùnrin náà, ó fi orúnkún ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ gọngọ. Alága da gbogbo ara lé e bí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń gba orí èjìká rẹ̀ wo tẹlifíṣàn. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó fà á, ó yí i, ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí àga tìmùtìmù tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìgbà tó ní kí òun náà nàró, kò lè nàró. Ó tẹ̀ síbẹ̀, ó di apá àga mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí dókítà bí ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa.

"A ti mọ́ ara wa lára," ni Alága wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Ìyàwó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé mi. Ìwọ ṣe iṣẹ́ tìrẹ."

Iṣẹ́ dókítà náà ni fisió, fífi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú ara tó ń dunni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló gbà á síṣẹ́, wọ́n a sì máa rán an lọ sílé àwọn tó rí já jẹ láti tọ́jú ọrùn tó gan, orúnkún tó wú, ẹ̀yìn tó ń dunni. Ẹ̀yìn Alága ló gbé e dé ilé yìí. Ọ̀gá àgbà ni Alága níléeṣẹ́ ìjọba kan kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ oríṣiríṣi débi pé kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó wà láàrin egungun ọ̀pá ẹ̀yìn sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nígbà yẹn, ìrora rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ọkùnrin náà sunkún. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti lọ. Àwòrán tí wọ́n tún yà fi hàn pé ẹ̀yìn náà ti san, dókítà fúnra rẹ̀ sì ti fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìmọye ìgbà: ẹsẹ̀ le, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń gbọ́ràn, kò sí ibi tó kú. Ohun tó kù ni kí Alága lo ara rẹ̀. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún, kó máa rọra gbé ìdí sókè. Kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó rìn dé ẹnu géètì, kó rìn padà.

Alága kò fẹ́ ìkankan nínú wọn. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbóná lé òun lẹ́yìn, kí wọ́n fi òróró ra á, kí òun sì máa tòògbé. Bí dókítà bá ti ní kó gbé ìdí, a ní ó di ọ̀la. A gùnfẹ̀, a nawọ́ sí agogo kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀, a mì ín, Ìyàwó a sì ti ibi yòówù tó bá wà sáré dé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún un, òun náà ló ń dúró tì í nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ara Alága máa ń dán, ó ń ta sánsán bí ti ọmọ jòjòló, páúdà funfun á sì wà ní gbogbo ibi tí ọrùn rẹ̀ ti ká léra. Ìgbàkígbà tí dókítà bá fọwọ́ kan ẹran ara rírọ̀ yẹn, ó máa ń ṣe é bíi kó lọ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá.

Ìyàwó kì í ṣe ìyàwó Alága. Àbúrò Alága ló fẹ́ ẹ, ó sì ti pẹ́ tí ìyẹn ti kú. Orúkọ tí wọ́n pè é lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ náà ni wọ́n ṣì ń pè é títí irun rẹ̀ fi ń funfun. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹbí ní kò dáa kí opó máa dá gbé. Wọ́n fi ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́ háyà, wọ́n kó o wá síbí, wọ́n fún un ní yàrá ẹ̀yìn kíṣìnì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn fáànù tó ti bàjẹ́ sí. Alága ló ń rán ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyàwó bí lọ sí iléèwé, iléèwé tó dáa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà. Kò sí àlejò tó wọ ilé náà tí kì í gbọ́ nípa iléèwé ọ̀hún kó tó jókòó tán.

Bí Ìyàwó ti ń jáde kúrò ní yàrá lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, dókítà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè ṣàìwò ó. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ń kan ilẹ̀ kí gìgísẹ̀ tó kàn án. Sálúbàtà yọ lẹ́sẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyàwó kò sì mọ̀. Ó ti rìn díẹ̀ lọ kó tó bojú wẹ̀yìn tó rí i.

Nígbà tí dókítà parí, ó tẹ̀ lé e dé kíṣìnì bí ẹni tó fẹ́ fọ ọwọ́. Ó bi í léèrè ẹ̀yìn. Ìyàwó ní ó ti pẹ́ tó ti ń dun òun, ó máa ń ta wọ itan, àmọ́ ìrora náà tiẹ̀ ti dínkù lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló kàn ń kú díẹ̀. Dókítà ní kó jókòó kí òun yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ó ní òun ò fẹ́ jókòó. Dókítà bi í pé kí ló dé. Obìnrin náà pa omi ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Ìtọ̀ ń jáde lára mi, n kì í mọ̀. Láti ìjẹta ni. Aṣọ ni mo dì mọ́dìí yìí. Ibi tí mo fi ń jókòó náà, tí mo bá fọwọ́ kàn án, bíi pé ara ẹlòmíì ni mò ń fọwọ́ kàn."

 Dókítà ṣàlàyé fún un ní kúkúrú: tìmùtìmù ẹ̀yìn tirẹ̀ ti bẹ́, ó ti há àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ àti ilé ìtọ̀ mọ́. Kì í ṣe ohun tí ìdárayá tàbí òróró lè wò. Àwọn oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ rí i lónìí, torí iṣan tí wọ́n bá há mọ́ pẹ́ jù kì í padà sípò. Ọkọ̀ òun wà níta. Kó wọ bàtà kí àwọn máa lọ.

"Ta ni yóò gbé wọn?" ni Ìyàwó béèrè. Kò fi ṣàwàdà. Ó ní ọmọ òun ń ṣèdánwò àṣekágbá lọ́dún yìí. Bí òun bá jáde láìgbàṣẹ, wọ́n á ní òun ti ń ṣe tinú òun, orí ọmọ náà ni wọ́n á sì ti gbà á. "Ẹ bá mi sọ fún ìyálé mi. Bí wọ́n bá ní kí n lọ, mo ti lọ nìyẹn."

Ìyálé tó ń wí, ìyàwó Alága gan-an, wà ní pálọ̀, ó ń nu ife. Àwọn ará iléeṣẹ́ Alága àtijọ́ ń bọ̀ lọ́túnla láti wá fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà tán láìjá a lẹ́nu, ó sì dúpẹ́. Ó ní Ìyàwó fẹ́ràn àìsàn. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ní ojú òun ò ríran mọ́. Nígbà tó yá, ṣebí ó ríran. Ta lẹ̀yìn ò dùn? Òun fúnra òun ń lo oògùn. Ní ti ìtọ̀, ó ní ọjọ́ orí ló ń dé. Kó jẹ́ kí àwọn àlejò wá kí wọ́n lọ ná.

Dókítà ní ọ̀túnla ti pẹ́ jù. Kò mọ̀ pé ohùn òun ti le, àfi ìgbà tí agogo dún ní yàrá tí Alága sì fẹnu ara rẹ̀ pè é.

"Ọ̀gá rẹ ni mo ránṣẹ́ sí kó tó rán ọ wá," ni Alága wí. "Mo lè tún ránṣẹ́ sí i."

"Sà, ẹ lè rìn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti lè rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn lónìí."

Alága kò bínú. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó lo ara rẹ̀ gbó lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbé àmì ẹ̀yẹ bọ̀ wá fún. "Ṣé kí n máa jó lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ni?"

 Dókítà padà sí kíṣìnì, ó fa Ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Agogo dún. Ìyàwó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó máa bínú, ọ̀túnla kò jìnnà. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ń dáhùn, "Mò ń bọ̀, sà."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ó ní àwọn ti sọ tàwọn, Alága kì í ṣe oníbàárà téèyàn ń fẹ́ pàdánù. Lọ́jọ́ kejì, dókítà pe ilé náà títí, wọn kò gbé e. Ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíì ló ń tọ́jú ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó ń ní kí wọ́n fa èémí sínú, kí wọ́n mí jáde, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí èémí kan fà dénú.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò dé, ó lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọkọ̀ kún iwájú ilé. Nínú pálọ̀, lọ́fínńdà àti òógùn ti dàpọ̀, àwọn ọkùnrin oníkùn ńlá jókòó yíká, wọ́n ń fi ife tútù gbára wọn lọ́wọ́. Ìyàwó wà níwájú gbogbo wọn. Wọ́n ti wọ aṣọ tuntun fún un, ó sì ti gbé Alága dìde lórí àga kó lè fi ìdúró gba àmì ẹ̀yẹ náà. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí obìnrin yẹn tẹrí ba díẹ̀, ó ń dí Alága.

Ìyàwó tẹrí ba. Ibi tó ti tẹ̀ náà ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ká. Kò ké. Ó kàn wálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ lára ọkùnrin náà títí ó fi dé ilẹ̀.

Alága kò ṣubú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí rẹ̀, ó gbé èkejì, ó dúró ṣánṣán láàrin pálọ̀, ó di àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ mọ́ àyà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan ní Ọlọ́run tóbi. Ẹlòmíì ń nu omijé. Ẹni tó ń ya fọ́tò kò dáwọ́ dúró. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ obìnrin tó wà nílẹ̀, ó ń rọra lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ohun àkọ́kọ́ tí Ìyálé sì fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn sọ ni pé kí wọ́n bá òun ká kápẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn. Dókítà nìkan ló kúnlẹ̀. Ó fi èékánná ha àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyàwó, ó tún un ha. Ẹsẹ̀ náà kò mira.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oníṣẹ́ abẹ ní àwọn ti ṣe èyí tágbára àwọn ká. Ó bi dókítà léèrè ọjọ́ tí ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, dókítà máa ń yà sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́. Ó kọ́ Ìyàwó bí yóò ṣe yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò, bí yóò ṣe fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde jókòó. Ìyàwó a fi eyín di ètè, a gbìyànjú, a tún gbìyànjú. Láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kì í mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ó ń béèrè ìgbà tí òun yóò padà rìn, dókítà sì ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe ti òní ná. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí dókítà wà lọ́dọ̀ Ìyàwó ni Alága wọlé. Kò mú ọ̀pá dání. Ó ti kí gbogbo àwọn aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà wá, ó ń sọ fún wọn pé òun náà ti wà bí wọ́n ṣe wà yìí rí. Ó ní wọ́n ti ń pe òun káàkiri báyìí láti wá sọ bí ara òun ṣe yá. Ó wá àga títí, kò rí, ló bá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Ìyàwó. Gbogbo ìdí rẹ̀ lọ sórí ẹsẹ̀ òsì obìnrin náà tó wà lábẹ́ aṣọ.

"Mo ti ní kí wọ́n mú ọmọ rẹ wá sílé," ló wí. "Ìwé ò ní sá lọ. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ máa ran ìyálé rẹ lọ́wọ́, ẹ̀yìn tèmi náà ò tíì le tó bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó ń wò ó. Omi ti dé ojú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó ṣèdánwò rẹ̀ tán."

Alága ní àwọn á rò ó. Ó tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa, ó fẹ̀yìn ti irin bẹ́ẹ̀dì. Lábẹ́ aṣọ náà, dókítà rí i tí ọrùn ẹsẹ̀ yí síbi tí ọrùn ẹsẹ̀ kì í yí sí.

"Ẹ dìde, sà," ni dókítà wí. "Orí ẹsẹ̀ wọn lẹ jókòó lé."

Alága kò tètè dìde. Ìyàwó ló gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn mìíràn tí Alága jókòó lé.

"Ẹsẹ̀ ta ni?" ló béèrè.