Àpótí Tó Ń Gbọ̀n

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí àpótí orí tábìlì olùkọ́ kọ́kọ́ gbọ̀n. Tíolúwaní nìkan ló mọ fóònù tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí òfin tuntun ti dé sáwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Torino, nílẹ̀ Itálì, gbogbo kíláàsì wọn ló ń pa fóònù láàárọ̀, tí wọ́n ń kó o sínú àpótí onípákó yẹn. Professoressa, olùkọ́ ìṣirò wọn, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó di aago méjì ọ̀sán. Tíolúwaní kì í pa tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń pa, á sì tì í sísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ tàwọn yòókù. Nítorí Ìyá Àgbà ni.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí dádì rẹ̀, ti Ìrágbìjí dé lóṣù tó kọjá láti wá tọ́jú Akínlolú, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Wọn ò gbọ́ èdè Itálì, wọn ò sì mọ̀wé. Bí dádì bá ti lọ síbi iṣẹ́ ẹrù ní Novara, tí mọ́mì lọ gbálẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ku Ìyá àti ọmọ nìkan lókè àjà kẹrin. Níbi iṣẹ́ dádì, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni wọ́n ń ti fóònù mọ́. Mọ́mì kì í gbé tiwọn wọ wọ́ọ̀dù. Tíolúwaní wá fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí bọ́tìnnì kìíní lára fóònù Ìyá.

"Bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, màá fláàṣì ẹ lẹ́ẹ̀kan," Ìyá ti sọ fún un. "Àlàáfíà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pè tí mi ò dákẹ́, má bi mí pé kí ló dé. Sáré."

Lójoojúmọ́, àpótí á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ọkàn Tíolúwaní á sì balẹ̀. Lónìí, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n. Ìró náà dà bíi ti ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ àgò, tó ń fi ìyẹ́ lu igi.

Professoressa yíjú kúrò lára pátákó. "Ta ni kò pa fóònù?"

"Prof, ọ̀rẹ́kùnrin ẹnìkan ni," Matteo wí láti ẹ̀yìn. "Wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò tíì gbọ́ ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíolúwaní ò rẹ́rìn-ín. Nota méjì, ìwé ẹ̀sùn, ti wà lórúkọ rẹ̀ nítorí fóònù yìí kan náà. Bó bá di mẹ́ta, preside, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, á lé e sílé, wọn á ránṣẹ́ pe dádì, ọ̀gá dádì kì í sì í gbọ́ àwíjàre. Ó di etí tábìlì mú. Bóyá Ìyá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Bóyá wọ́n jókòó lé e. Ó ń kà á: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Lójú inú rẹ̀, ó rí Ìyá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó rí ẹnu Akínlolú tó là sílẹ̀ tí ohùn ò jáde.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, àpótí dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ó ti dìde kó tó mọ̀.

"Tèmi ni, prof. Ìyá mi àgbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

"Jókòó. Ìwọ àti preside lẹ máa yanjú ìyẹn."

"Ẹ kọ nota! Ẹ kọ mẹ́wàá! Ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ wọn!" Ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ èdè Itálì, kò sì mọ̀.

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Matteo. "Prof, ẹ ṣí i fún un."

Professoressa wo ojú ọmọ náà, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́.

Tíolúwaní pè padà. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí Ìyá fi gbé e. "Tíolúwaní! Ilẹ̀kùn ti gbá mọ́ mi síta! Mo ní kí n gbọn ẹní ọmọ ni, atẹ́gùn sì gbá a pa, fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi! Irú ilẹ̀kùn wo ló ń ti ara ẹ̀ láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i? Omi ìwẹ̀ ọmọ wà lórí gáàsì, mo fi tówẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ti ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó! Mo kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn!"

"Ṣé Akínlolú ń sunkún?"

"Ó ń sunkún tẹ́lẹ̀ ni."

Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì Tíolúwaní. Ó sáré. Professoressa sáré tẹ̀lé e láìmú kóòtù, wọ́n ń kígbe àdírẹ́sì fáwọn panápaná lórí fóònù.

Lókè àjà kẹrin, Ìyá ti dojú bolẹ̀ gbalaja, wọ́n fẹnu sí abẹ́ ilẹ̀kùn tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n ń fi oríkì pe Akínlolú. "Àjàní, má sùn o. Àjàní ọkọ mi, dá mi lóhùn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ tàsé ihò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, professoressa gba ilé ìdáná lọ pa gáàsì. Tíolúwaní ń táràrà nínú èéfín títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbé e jáde síta. Ojú Akínlolú ti pa dé. Ìyá fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n tún gbá a.

Ọmọ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn. Ìyá ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró wọn báyìí, kódà bí wọ́n bá ń sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, professoressa gba fóònù lọ́wọ́ Tíolúwaní, wọn ò ní kó pa á. Orí gbogbo tàwọn yòókù ni wọ́n gbé e lé kí wọ́n tó ti àpótí.

Aago mẹ́wàá lù. Professoressa dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Matteo ò dápàárá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, ó di mẹ́rin.

Àpótí gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Gbogbo kíláàsì ń tẹ́tí bóyá á tún gbọ̀n.